Owó ń Wọ Sóbì, Kì í Sùn Níbẹ̀

Lójú ọ̀nà Sóbì ní Ìlọrin, kò sẹ́ni tó ń wo kàlẹ́ńdà kó tó mọ̀ pé oṣù ti parí. Gbólóhùn kan ni wàá gbọ́ lẹ́nu ọlọ́kadà, lẹ́nu aláta, lẹ́nu ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá: "Wọ́n ti gbowó." Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé àwọn wo. Láìpẹ́ èrò á ti tò sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù àwọn oní-POS, kẹ̀kẹ́ Márúwá á máa kó páálí indomí àti àpò ìrẹsì wọ bárékè, èéfín súyà á sì ti gba gbogbo ojú títì kí ládánì tó pe ìrun mọ̀gàríbì. Bí oṣù bá wá dá sí méjì, ojú ọ̀nà kan náà á pa lọ́lọ́. Ìwé àwìn á jáde. Ẹni tó ra odidi adìyẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gbowó á máa béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àkérébíata ni mo gbé dàgbà. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ta oúnjẹ ní mámì mákẹ́ẹ̀tì inú bárékè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti fọ abọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣírò èrè. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni sójà ti wà ní Sóbì, tí owó oṣù wọn sì ń wọlé. Kí ló dé tí Àkérébíata, Alágbàdo àti àwọn àdúgbò tó wà ní ìtòsí bárékè kò fi ní ilé iṣẹ́ kan tí a lè nawọ́ sí pé ara bárékè ló ti yọ? Ọjà wà. Ṣọ́ọ̀bù wà. Ilé tí wọ́n ń fi háyà wà. Ohun tí a ń fọwọ́ ara wa ṣe jáde ni n kò rí.

Fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀: ìsàlẹ̀ Òkè Sóbì, òkè tó yọrí ju gbogbo ilẹ̀ Ìlọrin lọ, ni bárékè náà wà. Ibẹ̀ ni ibùjókòó 22 Armoured Brigade, àwọn ológun onímọ́tò ìjà. Ibẹ̀ náà ni Nigerian Army School of Education wà, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ológun níṣẹ́ olùkọ́. Ilé ìwé àwọn ọmọ sójà wà níbẹ̀, tí ọmọ àdúgbò náà ń lọ. Ilé ìwòsàn Sobi Specialist ti ìjọba ìpínlẹ̀ kò jìnnà, bí èèyàn bá sì tẹ̀síwájú, Ṣáò ni yóò já sí. Tí a bá ka àwọn ológun òfurufú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú mọ́ ọn, ìlú ológun ni Ìlọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú àáfà ni gbogbo ayé ń pè é.

Owó oṣù sójà ní ìwà kan tí owó àgbẹ̀ àti owó ọlọ́jà kò ní. Abuja ló ti ń wá, nítorí náà òjò kì í pa á, ọ̀dá kì í sì í jó o. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, tí àwọn olùkọ́ ilé ìwé aládàáni jókòó sílé láìgba kọ́bọ̀, tí àwọn awakọ̀ gbé mọ́tò wọn kalẹ̀, owó àwọn ológun ṣì ń wọlé. Ìdílé tó rí jẹ ládùúgbò wa nígbà yẹn nítorí pé wọ́n ní nǹkan tí wọ́n lè tà fún sójà kò kéré. N kò fojú kéré irú ìbùkún bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibi tí owó náà kọ́kọ́ ń balẹ̀ sí ni mámì mákẹ́ẹ̀tì. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa bí ọjà yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ wù mí púpọ̀. Wọ́n ní ní 1959, ní bárékè Abakpa ní Enugu, ìyàwó ológun kan láti agbègbè Benue, Maria Ochefu, tí wọ́n ń pè ní Mammy, ń ta kúnú fún àwọn ọmọ ogun. Ọ̀gá kan ní kó palẹ̀ rẹ̀ mọ́ torí pé ó ń kó eṣinṣin jọ. Àwọn ọmọ ogun wá ń ráhùn pé àwọn kò rí kúnú mu mọ́, ni wọ́n bá fún un láyè láti máa tà padà. Ọkọ rẹ̀, Anthony Ochefu, wá di gómìnà ológun ìpínlẹ̀ East Central nígbà tó yá. Obìnrin kan tó ń wá owó ọbẹ̀ ló fi ìpìlẹ̀ ọjà tó kárí gbogbo bárékè Nàìjíríà lélẹ̀, kò sì sí ìwé ètò ọrọ̀ ajé kankan tó bá a dá sí i.

Ní ti Sóbì, lórí ìlà ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, wàá gbọ́ Haúsá, Ìdọ̀mà, Tiv, Ìgbò àti Yorùbá. Ìyàwó sójà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà, Mágájíyà wọn, olórí àwọn obìnrin ọjà, ló sì máa ń parí ìjà. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù rinlẹ̀ ní Ìlọrin, torí náà ọ̀pọ̀ ará ìgboro tó bá fẹ́ mu bíà láìsí pé ẹnikẹ́ni ń yọjú wò ó, ọ̀nà bárékè ló máa ń gbà. Àlàájà ni àǹtí mi, kì í ta ọtí, kì í sì í bá ẹni tó ń tà á jà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọjà kan lè gba oríṣiríṣi èèyàn láyè láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ìwà rẹ̀ sílẹ̀. Èmi tí mo dàgbà sí agbo ilé tí gbogbo wa jọ jẹ́ ọmọ baba kan náà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé Nàìjíríà tóbi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí owó náà ń gbà lọ. Sájẹ́ńtì kan rí áláàtì láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, apá kan ti lọ sọ́dọ̀ ìyá àti baba rẹ̀ ní Benue, ní Kogi, ní Ọ̀ṣun. Apá kan lọ sórí ilé tó ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ sí ìlú rẹ̀, nítorí kò sí ológun tí kò mọ̀ pé kọ́tà, ilé tí wọ́n fún un gbé ní bárékè, kì í ṣe ilé òun. Ó san owó ilé ìwé ọmọ, ó dá àjọ. Èyí tó ṣẹ́ kù ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òun náà kì í pẹ́ lọ́wọ́ wa: ìrẹsì tí ìyá onípròfíṣọ̀nù ń tà, òkè ọya ló ti wá, indomí, Ọ̀tà, bàtà, Aba tàbí ilẹ̀ Ṣáínà. Ìyá onípròfíṣọ̀nù yọ èrè tín-ín-rín, ó kó ìyókù fún alágbàtà ní ìgboro, alágbàtà fi ránṣẹ́ sí Èkó. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ, èyí tí a gbìn tàbí tí a fọwọ́ ṣe ní ìtòsí kò ju iṣu, èlùbọ́ àti ata lọ, àti wàrà tí àwọn ìyá ń kiri.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 ní 2024, iye tó wà nínú áláàtì gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba gòkè, ọjà tí iye náà ń rà sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ta ohun tí ó rà láti ọ̀nà jíjìn ló kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀, nítorí owó ọkọ̀ lórí àpò ìrẹsì kan ti gbé èrè rẹ̀ mì.

N kò dá sójà lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n lè gbé kúrò lọ́la kò lè sin owó rẹ̀ sí ibi tó wà lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni n kò dá ọlọ́jà lẹ́bi. Àǹtí mi máa ń sọ fún mi nígbà tí a bá ń ka owó lálẹ́ pé, "Ìwọ ń wo òkìtì. Yọ ti ẹlẹ́ran, yọ ti aláta, yọ ti onígáàsì, kí o tó máa dunnú." Tí a bá yọ wọ́n tán, ohun tó kù kò lè kọ́ ilé, ó kàn lè gbé wa dé ọ̀la ni.

Ọ̀rọ̀ pósítìn wá ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa òwò nílùú ológun fara balẹ̀ rò. Láti ìgbà tí ogun Boko Haram ti le ní Borno, gbogbo bárékè ni wọ́n ti ń kó ọmọ ogun lọ, Sóbì kò sì yọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó àwọn kan lọ, àǹtí mi á dín ìwọ̀n èlùbọ́ tó ń rò kù kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Àwọn ìyàwó wà nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń dá tọ́ ọmọ kò ní wá jẹun ní búkà, yóò se tirẹ̀ nílé. Onígbàjámọ̀ á jókòó sórí àga tirẹ̀. Ẹni tó ń fọ aṣọ káàkí, tó ń lọ̀ ọ́ títí yóò fi gún bí ọ̀bẹ, á máa wá iṣẹ́ kiri ìgboro. Òwò tó jẹ́ oníbàárà kan ṣoṣo ló gbójú lé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ní Abuja lè tì í pa ní ọ̀sán kan.

Àti àwìn. Ẹni tí kò bá ta àwìn ní mámì mákẹ́ẹ̀tì kò lè tajà, nítorí ọjọ́ tó wà láàárín owó oṣù kan àti èkejì gùn. Ìwé àwìn àǹtí mi nípọn, pẹ̀lú orúkọ tí òun nìkan ló mọ ẹni tó ni ín: "Kọ́pùrù onígèlè," nítorí pé ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn gèlè; "Baba ìbejì;" "Ọmọ Ọ̀fà." Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń san gbèsè wọn pé. Kódà àwọn kan fi owó ránṣẹ́ láti Maiduguri lẹ́yìn oṣù mélòó kan, pẹ̀lú ìkíni. Mo rí i lójú mi, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí rẹ̀.

Àwọn kan kò padà wá. Tí ìròyìn bá dé, àǹtí mi á gbé ìborùn rẹ̀, á lọ kí opó. Kò fẹnu kan owó rí. Opó á ṣì wà ní kọ́tà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á kó ẹrù àti ọmọ lọ sí ìlú ọkọ tàbí ìlú baba rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń ta kùlíkùlì tàbí aṣọ ọmọdé, tó ti ní oníbàárà, tó ti mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á ní ẹ̀dínwó, á di títì. Gbogbo ìmọ̀ òwò tí obìnrin yẹn kó jọ ní Sóbì bá a lọ. Bí ìjọba kan bá fẹ́ ṣètò ọrọ̀ ajé fún ìlú ológun, ọ̀dọ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀: kí ó ní ibi tó lè gbé, kí ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn odi bárékè tí kò ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ torí pé ọkọ rẹ̀ kú sójú ogun. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni ara mi kì í ti í balẹ̀.

Ohun tó tún mú mi kọ àròkọ yìí ni pé Ìlọrin ti jẹ́ ìlú ológun kí Nàìjíríà tó wà rárá, nǹkan kò sì rí báyìí nígbà yẹn. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni Àfọ̀njá. Nígbà tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ ìran Ṣéù Àlímì, Balógun mẹ́rin ló pín ìlú mọ́ra wọn lọ́wọ́: Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkọ̀bí àti Balógun Àlànámú. Títí dòní, wọ́n ṣì ń joyè náà, orúkọ wọn náà la sì fi ń pe wọ́ọ̀dù ìlú. Ogun ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n bá Ìbàdàn jà ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn. Wọ́n dó ti Ọ̀fà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fọ́ ní nǹkan bí 1890.

Ẹ wá wo ohun tí ogun yẹn ń lò. Ẹlẹ́ṣin nílò gàárì àti ìjánu, oníṣẹ́ awọ wà nílùú tó ń ṣe é. Balógun nílò aṣọ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, ahunṣọ wà ní agbo ilé lórí agbo ilé. Alágbẹ̀dẹ ń rọ ọ̀kọ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lántànà, òkúta pupa tí wọ́n ń lọ̀ títí tí yóò fi dán, mú iṣẹ́ náà wá láti Ọ̀yọ́ Ilé, ìlẹ̀kẹ̀ wọn sì dé ibi tó jìnnà sí Ìlọrin. Ní Òkèlele, àwọn ìyá ilé Dada ń mọ ìkòkò. Àwọn oníṣòwò tó ń ti òkè ọya lọ sí gúúsù sì ń san owó oníbodè bí wọ́n bá ń kọjá. Ohun tí ológun gbà sápò, oníṣẹ́ ọwọ́ inú ìlú ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò gbé ogun yẹn ga. Èèyàn ni wọ́n ń kó lẹ́rú níbẹ̀, wọ́n tà nínú wọn, wọ́n sì fi ìyókù ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé. Kò sí ọrọ̀ tó lè fọ èyí mọ́. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kejì 1897, Royal Niger Company kó àgbá wá, wọ́n ṣẹ́gun Ìlọrin, iṣẹ́ ogun sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn Balógun. Ìlẹ̀kẹ̀ lántànà kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ti òkèèrè tó pọ̀ lọ́jà ló lé e lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè kò kú, ìkòkò Òkèlele kò kú. Mo gbọ́ ìró òfì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ọwọ́ ìlú ni iṣẹ́ náà wà, torí náà nígbà tí ológun lọ, iṣẹ́ kò bá a lọ.

Jẹ́bà ni kí a fi wé e. Nígbà tí Lugard ń tò ìjọba àríwá, Jẹ́bà ló fi ṣe ibùjókòó fún ìgbà díẹ̀, ológun àti òṣìṣẹ́ ìjọba kún ibẹ̀. Ní 1902, ó kó wọn lọ sí Zungeru. Ohun tó tún gbé Jẹ́bà dìde ni ojú irin àti afárá orí odò Ọya, lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ bébà tí wọ́n ṣí ní 1969, kó tó di pé òun náà dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìlú yẹn rí bí owó ṣe ń wọlé tí ó sì ń jáde, nítorí pé ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ló ń gbé e lọ.

Ìjọba ológun náà ṣe tirẹ̀ fún Ìlọrin. Gowon dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, Ìlọrin sì di olú ìlú. David Bámigbóyè, ọmọ Òmù-Àrán, ló kọ́kọ́ ṣe gómìnà. Lásìkò rẹ̀ ni Kwara Poly bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ìjọba àpapọ̀ sì dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ ní 1975. Ibrahim Táíwò tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n pa nínú ìdìtẹ̀ gbàjọba oṣù kejì 1976, òun la fi orúkọ rẹ̀ sọ Taiwo Road, ibi tí òwò ti gbóná jù ní ìgboro. Afárá Tánkẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, orúkọ Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, ọmọ Ìlọrin, ló ń jẹ́. Mo mọ rírì àwọn nǹkan wọ̀nyí. Síbẹ̀, owó ìjọba ni gbogbo rẹ̀, ó sì kọ́ wa láti máa retí ìparí oṣù.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní a kò nílò sójà, kò gbé gúúsù Kwara láìpẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018, àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn báńkì, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án wà nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn báńkì tilẹ̀kùn fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà Ọ̀fà wá di ẹni tó ń gbé owó sínú àpò lọ sí Ìlọrin tàbí Òṣogbo kó tó lè fi pamọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, wọ́n pa àwọn fijilanté tó ń ṣọ́ ìlú ní Òkè-Òde. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n ya wọ ilé ìjọsìn ní Èrúkú, wọ́n kó èèyàn lọ. Àgbẹ̀ tí kò lè dé oko rẹ̀ ní Ìfẹ́lódùn, àwa ní Sóbì là ń san owó rẹ̀ nígbà tí a bá ń ra iṣu. Mo fẹ́ kí sójà pọ̀ ní apá ibẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ́ bárékè síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí ó rí bíi ti Sóbì. Kí ó jẹ́ pé gàrí, iṣu, epo pupa, adìyẹ àti ẹyin tí wọ́n ń jẹ, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n wá ṣọ́ ni wọ́n ti ń rà á, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ọjọ́ kìíní.

Òfin wà tí a lè gbá mú. Ní oṣù karùn-ún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó ń delé fún ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa fi ó kéré tán ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ń ra nǹkan ra ohun tí a ṣe nílẹ̀ yìí. Aṣọ iṣẹ́ àti bàtà wà nínú ohun tó kà sílẹ̀, oúnjẹ àti àga náà wà níbẹ̀. Àṣẹ yẹn sọ Nàìjíríà, kò sọ Sóbì, nítorí náà Sóbì ni kó dìde lọ bá a.

Àwọn aránṣọ tí mo mọ̀ lẹ́nu géètì bárékè, iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n gba aṣọ tó tóbi, kí wọ́n fún un mọ́ ara ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì rán orúkọ rẹ̀ mọ́ àyà. Ọwọ́ wọn dá. Ẹni tó lè tú kámọ́, aṣọ iṣẹ́ sójà, palẹ̀ kí ó sì tún un rán kí ọ̀gá má mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kàn án, kò sí aṣọ tí kò lè rán. Mo mọ̀ pé kámọ́ kì í ṣe aṣọ tí wọ́n lè fi lé gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ààbò wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n aṣọ mélòó ni bárékè ń lò tí kì í ṣe kámọ́? Kọ́tìnì wà, aṣọ ibùsùn wà, aṣọ ilé ìwé ọmọ wà, aṣọ eré ìdárayá wà.

Àwọn tó ń fẹ̀yìn tì ni mo gbà pé ó lè yí ọ̀rọ̀ yìí padà ju ohunkóhun lọ. Kí sójà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n máa ń rán an lọ sí ibùdó tó wà ní Òṣòdì ní Èkó láti kọ́ iṣẹ́ tí yóò máa ṣe. Ọ̀pọ̀ ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ pàápàá: ẹni tó ń tún mọ́tò ìjà ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ iná. Àwọn kan fẹ́ràn Sóbì débi pé wọn kò padà sílé mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, wẹ́dà ni báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù lápá Alágbàdo. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ṣe nínú ológun. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi ra jẹnẹrétọ̀ àti irin. Ó ń ṣe géètì bíi gbogbo wẹ́dà, ṣùgbọ́n ó tún ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti èyí tí wọ́n fi ń fún omi rẹ̀ kúrò, tí àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ń rà. Àwọn ọmọ Àkérébíata ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo jókòó tì í ní ọ̀sán kan, mo wo bí ó ṣe ń kọ́ ọmọkùnrin kan láti wọn irin kí ó tó gé e, pẹ̀lú sùúrù tí n kò retí lọ́wọ́ ẹni tó ti pàṣẹ fún èèyàn fún ìgbà pípẹ́.

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ nílò kí ẹ tó lè gba ọmọ sí i?"

Ó ní, "Iná, àti iṣẹ́ kan tó dúró. Ibùsùn onírin ilé ìwé lásán, tí wọ́n bá gbé e fún mi, mi ò ní sùn."

Ẹrù ìjọba ìpínlẹ̀ ni iná, torí tíránsífọ́mà kan ṣoṣo ni gbogbo òpópónà yẹn gbé lé. Ti iṣẹ́ ni àwa fẹ́ lọ wá. Èmi àti àwọn kan nínú àwọn aránṣọ àti oníbàtà lẹ́nu géètì, pẹ̀lú wẹ́dà náà, ti bẹ̀rẹ̀ sí kó orúkọ jọ láti fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí a lè ní orúkọ kan tí a ó fi kọ̀wé. Àǹtí mi, tí kò ta oúnjẹ mọ́, ló ń tọ́jú owó ìforúkọsílẹ̀. A kò ní béèrè fún kámọ́. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ sójà àti ibùsùn onírin ni a ó kọ́kọ́ lọ béèrè fún, nítorí kò sí àṣírí ogun kankan nínú aṣọ ọmọdé, àwọn tí yóò sì rán an ń gbé ní ìtòsí ibi tí wọn yóò ti wọ̀ ọ́.